Háàdì Inú Àpótí Yèyé

Ọ̀dọ̀ ìyá wa ni n ó ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ohùn rẹ̀ ló wà nínú kọ̀ǹpútà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Yèyé ni àwa ọmọ rẹ̀ ń pè é. Oǹdó ni wọ́n bí i sí, Oǹdó ló ti tọ́ àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ibẹ̀ náà ló dákẹ́ sí lọ́dún tó kọjá. Ó mọ àlọ́ í pa. Kì í kánjú pa á, kì í sì í pa á fún ẹni tí kò bá gbè é. Tó bá dá orin àárín àlọ́, tí ègbè kò dún tó bó ṣe fẹ́, yóò dákẹ́ ni, yóò máa wò yín bí ẹni tó kan ilẹ̀kùn tí wọn kò tíì dá lóhùn. Ẹ lè jókòó síbẹ̀ títí ọbẹ̀ yóò fi jóná lórí iná. Tí ẹ kò bá gbè é, àlọ́ náà kò ní kúrò lójú kan.

Nígbà tí ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Màá ti Àkúrẹ́ wá ní Sátidé, màá gbé fóònù sórí àga kékeré níwájú rẹ̀, òun náà a sì máa pa á lọ. Èmi nìkan ni mo máa ń gbè é. Tí mo bá padà délé, màá kó o sínú kọ̀ǹpútà, màá sì pa á rẹ́ lórí fóònù kí àyè lè wà fún ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ bá mi fi èyí sọ́kàn: inú kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ni ohùn Yèyé wà. Kò sí níbòmíràn.

Kọ̀ǹpútà ọ̀hún kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń gbé lé itan. Ti orí tábìlì ni, onírin dúdú tó wúwo bí ọlọ. Háàdì méjì ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí kọ̀ǹpútà máa ń kó gbogbo ohun tó bá mọ̀ pamọ́ sí. Ọ̀kan bá a wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tí mo rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ìyẹn fẹ́ẹ́ kún, mo ra ìkejì tì í, ẹ̀yà kan náà, títóbi kan náà. Inú ti àkọ́kọ́ ni Yèyé wà. Inú ti ìkejì ni mo kó àwọn ìwé ìpàdé àti àwòrán sí.

Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà náà bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Bí mo bá tàn án láàárọ̀, màá lọ wẹ̀, màá jẹun, màá tún kí gbogbo ará ojúlé wa ní àdúgbò Isikan, màá padà wá bá a níbi tó ti ń yí òbíríkítí kékeré kan lójú. Gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n lò ló ní kí n fọ́máàtì rẹ̀. Ìtumọ̀ ìyẹn ni pé kí n nu háàdì kan mọ́, kí n wá fi ètò tuntun tí yóò máa darí rẹ̀ síbẹ̀. Mo ti jókòó ti ẹni tó ń ṣe é rí, mo sì gbà pé ó ti yé mi. Mo ṣe é fúnra mi.

Ó dé ibì kan, kọ̀ǹpútà to háàdì méjèèjì sójú, ó ní èwo ni kí òun nù. Títóbi kan náà, orúkọ kan náà, nọ́ńbà nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Mo dúró. Mo dìde lọ mu omi, mo padà wá, ó ṣì ń bi mí. Mo wá sọ fún ara mi pé èyí tó kọ́kọ́ wọlé ni yóò jẹ́ àkọ́kọ́, bí a ṣe ń ka ọmọ nílé wa. Bí èyí tó dé lẹ́yìn bá tilẹ̀ ga ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, ẹ̀yìn náà ni yóò jókòó sí. Mo fi ìka tẹ ìkejì. Ó nù ún mọ́.

Nígbà tó parí, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di aláwọ̀ búlúù tuntun. Mo ní kí n ṣí ibi tí Yèyé wà kí n fojú ara mi rí i, ni wọ́n bá mú iná lọ. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, nígbà tó sì máa dé, tìbínú-tìbínú ló dé. Gílóòbù pálọ̀ mọ́lẹ̀ gbòò, ó fọ́. Fíríìjì ojúlé kejì jó, òórùn rẹ̀ bá wa nínú ilé. Mo sáré fa gbogbo wáyà yọ kúrò lára ògiri.

Ẹ ó ní kí ló dé tí n kò ti ṣe ẹ̀dà ohùn náà síbòmíràn. Gbogbo ẹni tí mo sọ ọ́ fún ló bi mí bẹ́ẹ̀. Mo ní i lọ́kàn ni, mo kàn fẹ́ kí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ yá ṣáṣá ná. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbọ́ òórùn fíríìjì yẹn, n kò tún fẹ́ kí Yèyé wà ní ibi tí iná Àkúrẹ́ lè dé mọ́. Mo tú ìdí kọ̀ǹpútà. Háàdì méjèèjì wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mo yọ èyí tí eruku bò jù, nítorí mo gbà pé òun ló ti pẹ́ jù níbẹ̀, mo fi áńkáṣíìfù wé e, mo wọ mọ́tò lọ sí Oǹdó.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, àkọ́bí Yèyé, ló ń gbé ilé Yèyé. Kò fẹ́ jẹnẹrétọ̀, kò fẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ohun kan ṣoṣo tí iná lè jó nínú ilé náà ni gílóòbù. Láti ọjọ́ ìsìnkú ni kò ti fẹ́ gbọ́ ohùn ìyá wa. Nígbà kan tó wá kí wa ní Àkúrẹ́, tí mo ní kí n jẹ́ kó dún sí etí rẹ̀ díẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó ń dá ọkọ̀ dúró. “Jẹ́ kó sinmi,” ó ní. Nítorí náà, nígbà tí mo fún un ní háàdì, tí mo ní ohùn Yèyé ni, kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó wọ yàrá lọ, mo sì gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ yí nínú àpótí aṣọ Yèyé. Ọkàn mi balẹ̀ nígbà yẹn. Mo sùn nínú mọ́tò títí mo fi dé Àkúrẹ́.

Ìgbà tí mo délé tí mo tan kọ̀ǹpútà ni gbogbo rẹ̀ yí padà. Kò tàn. Ojú rẹ̀ dúdú, ó fi funfun kọ ọ̀rọ̀ òyìnbó kan sókè ní igun, pé òun kò rí ohun tí òun yóò fi bẹ̀rẹ̀. Mo pa á, mo tún un tàn. Òyìnbó kan náà. Mo fa wáyà kọ̀ọ̀kan, mo tún un kì bọ̀ ọ́. Mo wò ó bóyá fíláàṣì tí mo fi fọ́máàtì rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Orí tábìlì ló wà. Mo fẹ́ eruku inú rẹ̀, mo yọ páálí mẹ́mórì tó fi ń ronú, mo fi rọ́bà ìparẹ́ nu eyín rẹ̀ bí mo ṣe rí i tí wọ́n ń ṣe, mo dá a padà. Mo gbá a lórí jẹ́jẹ́. Mo gbá a lórí kíkan.

Ìyàwó mi jókòó síbẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ọmọ Àkúrẹ́ pọ́ńbélé ni, ẹni tó ṣì ń pe ilé ní ulé títí dòní.

“Ẹ̀yin lẹ ní kó gbàgbé gbogbo nǹkan,” ó ní. “Ó ti gbàgbé. Kí lẹ tún ń bá a jà sí?”

“Ọ̀kan ni mo ní kó gbàgbé. N kò ní kó gbàgbé méjèèjì.”

“Ṣé ẹ dárúkọ èyí tí ẹ fẹ́ fún un?”

Àtìgbà yẹn ni ìdí mi kò ti gba àga mọ́. Màá jókòó, màá dìde, màá lọ dúró lójú fèrèsé bí ẹni tó ń retí àlejò, màá tún padà wá tẹ kọ̀ǹpútà náà bóyá ó ti yí ọkàn padà. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ ìyàwó mi ló dá mi dúró: bí mo bá ti nu èyí tí kò yẹ kí n nù ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé ìwé ìpàdé ni ẹ̀gbọ́n mi tì mọ́nú àpótí ńkọ́?

Mo gbé kọ̀ǹpútà náà lọ sí Alágbàká. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń tẹ ìwé. Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, bọ̀ọ̀lì sì máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbàkigbà. Ó tàn án, ó ka òyìnbó náà, ó rẹ́rìn-ín.

“Dádì, ẹ jẹ́ ká kúkú fọ́máàtì ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.”

“Rárá.”

“Kò ní pẹ́.”

“Ọmọ mi, fífọ́máàtì ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ ẹ.”

Ó tú ìdí rẹ̀, ó wò ó, ó ju èèpo bọ̀ọ̀lì nù. “Wáyà kan ń jù dirodiro níbí. Háàdì mélòó ló wà nínú ẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ ṣe é?”

“Méjì.”

“Ìkejì dà?”

“Ó wà ní Oǹdó.”

“Kí ló lọ ṣe ní Oǹdó?”

“Ó wà nínú àpótí aṣọ ìyá mi.”

Ó wo ojú mi bóyá mò ń ṣàwàdà. Nígbà tó rí i pé n kò rẹ́rìn-ín, ó fa àga fún mi. Ó wá ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Nígbà tí a bá ń fi ètò tuntun sínú kọ̀ǹpútà tó ní háàdì méjì, a lè ní kó kó ẹrù rẹ̀ sí orí ọ̀kan, síbẹ̀ kó lọ fi ohun kékeré tí yóò máa jí i pamọ́ sí orí èkejì. Kì í sọ fún èèyàn. Èyí tó wà níbí ní ètò tuntun lódindi, ṣùgbọ́n ohun tí yóò pe é dìde wà ní Oǹdó.

“Ṣé o lè ṣe òmíràn fún un?”

“Kíákíá báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo inú ẹ̀.” Ó fi wáyà so háàdì náà mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ètò tuntun nìkan ló wà níbẹ̀. Kò sí ìwé ìpàdé, kò sí Yèyé. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí, síbẹ̀ ó dùn mí.

“Báwo lẹ ṣe mọ èyí tí ẹ nù?”

Mo sọ fún un, ti àkọ́kọ́ àti ìkejì, àti bí a ṣe ń ka ọmọ.

“Dádì.” Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. “Kọ̀ǹpútà kì í ka ọjọ́ orí. Ibi tí wọ́n bá ki wáyà bọ̀ ló ń kà. Èyí tí ẹ rà gbẹ̀yìn lè jẹ́ àkọ́kọ́ níbẹ̀.”

Mo gbé ojú lé wáyà tó ń jù dirodiro náà.

“Tó bá jẹ́ pé èyí tí ẹ nù ni Màmá wà, a ṣì lè gbìyànjú láti wá a sókè, ṣùgbọ́n ohunkóhun tí a bá kọ lé e báyìí máa bo nǹkan mọ́lẹ̀. Nítorí náà, n kò ní fọwọ́ kàn án. Ẹ lọ mú ti Oǹdó wá, ẹ dá a padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀, ó máa jí. Ẹ ó wá wò ó. Tí ẹ bá rí Màmá, ó parí. Tí ẹ ò bá rí i, ẹ padà wá bá mi, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́máàtì nǹkan kan.”

N kò sùn nínú mọ́tò lọ́tẹ̀ yìí. Ní Ọ̀wẹ̀nà, àwọn èrò sọ̀ kalẹ̀ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀, èmi dúró lẹ́bàá ọkọ̀, mò ń wo dírẹ́bà bí ẹni pé ó ṣẹ̀ mí. Nígbà tí mo dé ilé, ẹ̀gbọ́n mi ń bó ẹ̀gúsí nínú igbá. Mo kí i, mo jókòó, mo dìde.

“Kí ló ń lé ọ?” ó ní.

“Ẹ̀gbọ́n, nǹkan yẹn ni mo wá gbà. Èyí tí mo fún yín lọ́jọ́sí.”

“O ò fún èmi. Yèyé lo fún.”

“Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ yín ni mo fi lé.”

“Ọwọ́ mi lo fi lé, inú àpótí Yèyé ni mo fi sí, ó sì ti di ti Yèyé. Ìwọ náà wà níbẹ̀ nígbà tí àwọn àgbà ilé sọ̀rọ̀. Títí a ó fi pín in, nǹkan kì í jáde nínú àpótí yẹn láìjẹ́ pé ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró tì í.”

“Ẹ̀yin nìkan lẹ ṣí i lọ́jọ́ tí ẹ fi sí i.”

“Mo máa ń ṣí i fi káńfọ̀ sí i. Fífi síbẹ̀ kò gba ẹlẹ́rìí. Yíyọ ló gba ẹlẹ́rìí.”

Mo ní kì í ṣe aṣọ, kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀, irin kọ̀ǹpútà ni. Ó ní ṣé kì í ṣe èmi ni mo sọ fún òun pé ohùn Yèyé ni. Bí ohùn Yèyé bá ni, tí kì í bá ṣe ogún, kí ni ogún? Nígbà tí inú bá ń bí ẹ̀gbọ́n mi, Yorùbá ilé ẹ̀kọ́ máa ń fi í sílẹ̀, Oǹdó pọ́ńbélé ló máa ń kù lẹ́nu rẹ̀, n kò sì tíì rí ẹni tó borí rẹ̀ nínú èyí. Kọ́kọ́rọ́ náà wà ní ìṣẹ́tí ìró rẹ̀, ó ta á ní kókó. Mo ń wo kókó náà bó ti ń bó ẹ̀gúsí lọ. N kò lè sọ fún un pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìwé ìpàdé ló ń ṣọ́. Bí mo bá sọ ọ́, yóò di òótọ́ ni mo rò.

Mo bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, mo pe àbúrò wa, ọmọ kẹta Yèyé, lórí fóònù. Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ló ń gbé, iṣu ló ń tà.

“Bọ̀ọ̀dá, ta ló tún kú?”

“Kò sẹ́ni tó kú. A fẹ́ ṣí àpótí Yèyé ni.”

Mo ń gbọ́ àwọn tó ń já iṣu lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń bú ara wọn.

“Ẹ fẹ́ pín aṣọ.”

“A ò pín nǹkan kan. Nǹkan tèmi kan ló wà níbẹ̀.”

“Kí ni nǹkan tiyín ń ṣe nínú àpótí Yèyé?”

“Ohùn Yèyé ni. Ó wà nínú irin kan.”

“Ẹ ti ohùn Yèyé mọ́nú àpótí, ẹ ò sọ fún mi.” Ó mí kanlẹ̀. “Mò ń bọ̀ ní Sátidé. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ẹtù yẹn kí n tó dé.”

Aṣọ ẹtù ìyá wa ló ń sọ, èyí tó ti ń fojú sí fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ obìnrin.

Mo padà sí Àkúrẹ́. Bí mo ṣe lo ọjọ́ wọ̀nyẹn di Sátidé, n kò lè ròyìn rẹ̀ tán. Mo pààrà láti pálọ̀ dé kíṣínì títí ìyàwó mi fi ní kí n kúkú máa bá òun gbé omi lọ bí mo ti ń lọ. Mo gbìyànjú láti rántí àwọn àlọ́ náà, kí n máa pa wọ́n fún ara mi, bóyá mo lè gbé ohùn rẹ̀ dúró lórí nígbà tí mo ṣì ní i. Ìtàn inú wọn ń bọ̀ kedere. Ohùn yẹn kò bọ̀. Ohùn èmi fúnra mi ni mò ń gbọ́ tó ń ṣe bí ìyá mi.

Nígbà tó di ọjọ́ náà, mo gbé odindi kọ̀ǹpútà dání, nítorí ẹ̀gbọ́n mi ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé bí wọ́n bá tilẹ̀ yọ nǹkan náà, kò ní kọjá ẹnu ọ̀nà. Nínú mọ́tò, mo gbé irin dúdú lé itan, mo fi ẹsẹ̀ há ojú rẹ̀. Ìyá arúgbó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bi mí pé ṣé mò ń kó kúrò nílé ni. Mo ní rárá, mo ń gbé e lọ kí àwọn èèyàn mi. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Àbúrò wa ti ṣáájú mi dé, ẹrọ̀fọ̀ Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ṣì wà ní bàtà rẹ̀. Kò sí iná, ló bá lọ yá jẹnẹrétọ̀ kékeré kan lójúlé kejì, ó gbé e sí ìpẹ̀kun ẹ̀yìnkùlé kí ẹ̀gbọ́n wa má baà fi igbá lé òun. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá dúró ti àpótí. Ẹ̀gbọ́n mi gbàdúrà díẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń gbà á nínú ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, ó tú kókó ìró, ó ṣí i. Òórùn káńfọ̀ jáde, òórùn Yèyé tẹ̀ lé e. Àbúrò wa ń fojú ka aṣọ kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń bọ́ sórí ibùsùn, sányán, àlàárì, títí ó fi kan ẹtù. Àárín ẹtù gan-an ni háàdì wà, ẹ̀gbọ́n mi ti ká a mọ́bẹ̀ pẹ̀lú áńkáṣíìfù mi.

“Èyí?” àbúrò wa ní. Ó gbà á, ó fi sí etí.

“Kò ní sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀,” mo ní.

“Mo mọ̀. Mo kàn ń wò ó ni.”

Mo tú ìdí kọ̀ǹpútà sórí ilẹ̀ pálọ̀, mo ki wáyà tó ń jù dirodiro bọ inú háàdì, mo dá a dúró. Mo tẹ̀ ẹ́. Ojú rẹ̀ dúdú, ó dúdú pẹ́, mo sì ti ń wo igun tí òyìnbó yẹn máa ń jókòó sí. Lójijì ni àwọ̀ búlúù bò ó.

“Ó ti jí,” àbúrò wa ní.

Ó ti jí lóòótọ́, ṣùgbọ́n jíjí rẹ̀ kò tíì sọ nǹkan kan fún mi. Ìbáà jẹ́ ti Yèyé, ìbáà jẹ́ ti ìwé ìpàdé, háàdì tó wá láti inú àpótí yóò jí i. Mo ṣí inú háàdì náà. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni àwòrán ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa, àwọn èèyàn tó gbé iṣu àti adìyẹ dání. Inú háàdì ìkejì ni mo rò pé mo kó gbogbo àwòrán sí. Mo fi ìka fa a lọ sísàlẹ̀, ìkórè, ìkórè, ìsọmọlórúkọ ẹnìkan, mo ń gbọ́ èémí àbúrò wa lórí èjìká mi. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo ti rí orúkọ tí èmi fúnra mi kọ: Yèyé.

Mo tẹ̀ ẹ́.

Ikọ́ díẹ̀ ló kọ́kọ́ dún, lẹ́yìn náà ni Yèyé ní, “Ṣé nǹkan yẹn ti ń gbọ́ mi?”

Àbúrò wa jókòó sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bí ìgbà tó wà lọ́mọdé. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun fẹ́ lọ wo ọbẹ̀. Kò sí ọbẹ̀ lórí iná. Ó lọ dúró ní ẹnu ọ̀nà kíṣínì, ó kẹ̀yìn sí wa.

Àlọ́ akàn ni, èyí tí akàn yá ilé ìgbín wọ̀ lọ sí òde, tí kò dá a padà, tí òjò wá ṣú. Yèyé ń pa á lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bó ti ń ṣe. Ó dé ibi tí ìgbín jókòó sábẹ́ ewé ní ìhòòhò, ó dá orin:

“Akàn, ilé mi dà?”

Èmi, ní ọjọ́ yẹn, nínú ohùn tó jìnnà, dáhùn pé, “Ó ń bọ̀ lọ́nà.”

“Òjò ṣú, ilé mi dà?”

Kò sí ègbè. Mo rántí. Mo tẹjú mọ́ fóònù lọ́jọ́ náà bóyá ó ṣì ń gba ohùn, mo gbàgbé láti gbè é. Yèyé sì dákẹ́. Bí mo ti mọ̀ ọ́n náà ló rí, ó kàn dákẹ́ ni, adìyẹ kan ń ké lẹ́yìn rẹ̀ nínú ọjọ́ tó ti lọ, jẹnẹrétọ̀ ń ké ní ẹ̀yìnkùlé lónìí. Ìdákẹ́jẹ́ náà gùn. Àbúrò wa yí ojú sí mi, ó rò pé ó ti bàjẹ́. Mo na ọwọ́ pé kó dúró.

“Ó ń bọ̀ lọ́nà,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí láti ẹnu ọ̀nà kíṣínì. Kò yíjú padà, ohùn tèmi ọjọ́ yẹn sì bọ́ sábẹ́ tirẹ̀.

“Oòrùn wọ̀, ilé mi dà?” ni Yèyé gbà á, bí ẹni pé òun ló ti ń dúró dè.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la gbè é láti ibẹ̀ lọ. Nígbà tó parí, ẹ̀gbọ́n mi wá sí pálọ̀, ó fi ìṣẹ́tí ìró nu imú.

“Tún un bẹ̀rẹ̀,” ó ní. “Àbúrò rẹ kò gbè é dáadáa.”

“Ẹrọ̀fọ̀ ló há mi lọ́fun,” àbúrò wa ní, a sì rẹ́rìn-ín.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ sí fíláàṣì àti sí fóònù àbúrò wa, ó sì ń gbọ́ ọ títí ó fi bọ́ sí ìta, ó gbàgbé ẹtù. Mo mọ̀ pé obìnrin Alágbàká lè fún kọ̀ǹpútà mi ní ohun mìíràn tí yóò máa jí i, kí n gbé e padà sílé. Ó ti pè mí, ó ní ṣé mo rí Màmá. Mo ní mo rí i. Ó ní kí n máa gbé e bọ̀ nígbà náà. Mo ní ó dáa.

N kò tíì gbé e lọ. Orí àpótí Yèyé ló wà báyìí, pẹ̀lú háàdì méjèèjì nínú rẹ̀, nítorí ẹ̀gbọ́n mi gbà pé ohun tó wà lórí àpótí kò tíì jáde nínú àpótí. Ibẹ̀ ni mo ti ń kọ èyí. Ẹ̀gbọ́n mi ti wọlé lẹ́ẹ̀mejì láti bi mí pé ìgbà wo ni n ó parí ìwé tí mò ń kọ, kí òun lè gbọ́ ti akàn.